Báwo la ṣe lè tọ́jú dátà ìwádìí wa kó lè wúlò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn?

ỌmọÒkèhò

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ń parí iṣẹ́ PhD mi lórí ẹkún ìyàwó ní agbègbè Òkè-Ògùn. Bíi wákàtí 60 ohùn ló wà lọ́wọ́ mi, tí mo gbà sílẹ̀ ní Òkèhò, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Àwòrán wà níbẹ̀, fídíò díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ sínú Word, àti àtẹ Excel tó ní orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà fóònù àwọn ìyá tó sun ún fún mi. Púpọ̀ nínú wọn ti darúgbó, àwọn kan tilẹ̀ ti papò dà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń relé ọkọ lóde òní kì í sábà sun ẹkún ìyàwó mọ́, torí náà ohun tó wà nínú fáìlì wọ̀nyí kò ṣeé padà lọ gbà.

Gbogbo rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà mi àti hard disk kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú tiyín? Mo fẹ́ kí ọmọ tí wọn ò tíì bí lónìí lè ṣí i, kó sì mọ ohun tó ń gbọ́.

Agbohùnsílẹ̀

Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀ láyọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kánjú jù ṣáájú. Ẹ̀dà méjì tó wà nínú yàrá kan náà, ẹ̀dà kan ni. Bí iná bá ṣẹ́ níbẹ̀, bí olè bá wọlé, bí òrùlé bá jò, méjèèjì ló máa bá a lọ. Ohun tí àwọn olùtọ́jú fáìlì ń sọ níbi gbogbo ni 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ẹ ra hard disk kejì, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán ní ìlú mìíràn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà tán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Iná NEPA tó bá dé lójijì lè jó kọ̀ǹpútà àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn.

Fíláàṣì wà fún kíkó fáìlì láti ibì kan lọ síbòmíràn. Kò wà fún ìpamọ́. Hard disk náà kì í ṣe ti ayérayé: lẹ́yìn bí ọdún márùn-ún, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú tuntun, yálà ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ti ohùn, WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ìlànà tí IASA, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn lágbàáyé, là sílẹ̀ fún kíkó ohùn àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà ni pé kó má dín sí 48 kHz àti 24 bit, ìwọ̀n yẹn náà ni mo sì ń lò fún ohùn tuntun. Wákàtí kan ohùn stereo á gba bíi 1 GB. Gbogbo tiyín kò ju nǹkan bí 62 GB lọ, hard disk tó wọ́pọ̀ lọ́jà á gbà á, àyè á sì ṣẹ́ kù. Èyí tó bá jẹ́ MP3 láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di WAV, ohun tó ti bọ́ sọnù lára ohùn náà kò ní padà wá.

Ẹ tún ṣọ́ra fún WhatsApp. Bẹ́ ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fi tòde àríyá ránṣẹ́, á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, á sì yọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti yà á kúrò lára rẹ̀. Bó bá di dandan, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document.

Olùtọ́júÌwé

Gbogbo ohun tí Agbohùnsílẹ̀ sọ ló dára, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsí ẹ̀dà ló ń pa dátà jù níbi iṣẹ́ tèmi. Ohun tó ń pa á ni pé ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ilé ìkàwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kásẹ́ẹ̀tì kún inú àpótí, ohùn wọn ṣì mọ́ kedere. A fi ọ̀kan sẹ́nu ẹ̀rọ, bàbá kan ń sun ìjálá, ohùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn tó ń lọ lẹ́nu ọ̀nà dúró. Ta ni bàbá yẹn? Ọdún wo ni? Ohun tí wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì ni “Ìlárá, téèpù kejì”. Ìlárá wo? Ṣé èyí tó wà lápá Ìmẹ̀kọ, ní ẹnubodè Benin, ni àbí Ìlárá-Mọ̀kín ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, àbí èyí tó wà lápá Ẹ̀pẹ́? Ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tá a lè bi. Ẹ̀ka èdè rẹ̀ tọ́ka sí apá ibì kan fún wa, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti lọ. Bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, tí wọn ò mọ̀ pé ohùn bàbá wọn wà níbì kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ẹ fi wé iṣẹ́ Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Ní 1940 sí 1941 ó wà ní Bahia, ní Brazil, ó ń gba ohùn àwọn oníṣẹ̀ṣe ibẹ̀ sórí àwo, Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ ni Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo ní Salvador tí bàbá rẹ̀ ti mú wá sí Èkó láti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe. Àwọn ohùn náà wà ní Indiana University di òní, lẹ́yìn ohun tó ju 80 ọdún lọ, a sì mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ torí pé Turner kọ orúkọ àti ìtàn wọn sílẹ̀.

Torí náà, nínú fódà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fáìlì README.txt sí i. Ẹ kọ ẹni tó sọ̀rọ̀, agbo ilé rẹ̀, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́, ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ lò, àti ohun tí onítọ̀hún yọ̀ǹda. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń fò: ṣé ìyàwó gan-an ló ń sunkún lọ́jọ́ tó ń relé ọkọ, àbí ẹ bẹ ìyá àgbà pé kó sun ún fún yín? Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, àwọn tó ń gbè é náà yàtọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ ní 2050 kò ní mọ̀ bẹ́ ẹ kò bá kọ ọ́.

Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì tàbí sun ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu yín sọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ sínú ẹ̀rọ. Bí README bá sọ nù, ohùn náà á ṣì dárúkọ ara rẹ̀.

Amẹ̀rọ_Yàbá

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Tèmi dá lórí àmì ohùn, torí òun ló ń ba fáìlì Yorùbá jẹ́ jù.

Lẹ́tà ẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn lè kọ ẹ kó fi àmì òkè lé e, ó lè kọ é kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ó sì lè kọ e lásán kó fi méjèèjì kún un. Lójú, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Bẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà kìíní nínú orí kejì, tẹ́ ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ní ọ̀nà kejì nínú orí karùn-ún torí pé kíbọ́ọ̀dù yàtọ̀, ẹ lè wá a títí kẹ́ ẹ má rí i. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìrísí kan. NFC, èyí tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ni mo máa ń lò. Ẹ sì kọ ọ́ sínú README pé NFC ni.

Ẹni tó bá ní fáìlì tí wọ́n fi fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tẹ̀ kí Unicode tó gbilẹ̀, kó má fi falẹ̀. Nínú àwọn fọ́ǹtì yẹn, wọ́n gbé ẹ àti ṣ sórí ààyè àmì mìíràn. Bí fọ́ǹtì náà kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà, wúruwùru lẹ máa rí. Ẹ wá fọ́ǹtì náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe yẹ kó rí, kẹ́ ẹ tó yí i padà.

Ẹ sọ Excel di CSV, àtẹ ọ̀rọ̀ lásán tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè kà, ní UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ Unicode sínú fáìlì. Bẹ́ ẹ bá wá tẹ CSV náà lẹ́ẹ̀mejì kí Excel ṣí i, ó lè fi áº¹ hàn yín níbi tó yẹ kí ẹ wà. Ẹ má bẹ̀rù, fáìlì náà kò bàjẹ́, Excel ló ṣì í kà. Ẹ gba inú Data wọlé, kẹ́ ẹ yan UTF-8. Àmọ́ ẹ má tẹ Save nígbà tí áº¹ bá ṣì wà lójú, ìgbà yẹn ló máa bàjẹ́ lóòótọ́. Excel tún máa ń gé 0 tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà fóònù jù nù, ẹ sọ òpó yẹn di Text.

Orúkọ fáìlì ní tirẹ̀, ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi àlàfo sí i: ekuniyawo_okeho_2023-08-14_01.wav. Ọdún ṣáájú, oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, wọ́n á sì máa tò tẹ̀ léra fúnra wọn. Àmì ohùn ń bẹ nínú fáìlì, níbi tó ti ní iṣẹ́ ṣe.

ỌmọÒkèhò

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ń ṣí Excel lọ́nà tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ sì ti là mí lójú. ELAN ni mo fi to ọ̀rọ̀ mọ́ ohùn, ṣé ìyẹn náà ní ìṣòro?

Amẹ̀rọ_Yàbá

Rárá o, ó dára gan-an. Fáìlì .eaf tí ELAN ń ṣe, XML ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tí ojú lè kà. Bí ELAN bá tilẹ̀ kúrò láyé, ènìyàn lè fi Notepad ṣí i kó ka ọ̀rọ̀ àti ìṣẹ́jú tí wọ́n sọ ọ́. Ohun tó yẹ ká máa wò nìyẹn kí á tó fi ẹ̀rọ kan ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Fún Word, ẹ fi .docx sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe ẹ̀dà .txt àti PDF/A, irú PDF tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́ pípẹ́.

Ìyá_Lábù

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìwádìí ìlera lèmi ń ṣe, ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù tó o dárúkọ ló mú mi sọ̀rọ̀. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 wà nílẹ̀, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ohùn tá a lè fi dá ènìyàn mọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Yọ orúkọ kúrò nínú àtẹ ńlá, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, kí o wá fi ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ sí ọ̀tọ̀, kí o fi password tì í. 7-Zip tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè fi AES-256, ọ̀nà ìtìpa tó lágbára, tì í. Kọ password náà sórí ìwé, fi sínú àpòòwé tó lẹ̀ pa, kí ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ tọ́jú rẹ̀. Dátà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ password rẹ̀ lè bá a wọ sàréè.

Wo ohun tí wọ́n sọ nínú ẹkún náà pẹ̀lú. Ọmọ tó ń relé ọkọ máa ń tú ohun tó wà nínú rẹ̀: ìyà tí orogún ìyá rẹ̀ fi jẹ ẹ́, ohun tí ẹbí ṣe tó dùn ún. Àwọn tó dárúkọ níbẹ̀ lè ṣì wà láyé.

Olùtọ́júÌwé

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Mà. Àmọ́ ibí yìí ni ìwádìí ìlera àti iṣẹ́ àwọn apohùn ti yà sọ́tọ̀. Aláìsàn fẹ́ kí á bo orúkọ òun, apohùn fẹ́ kí á dárúkọ òun. Bá a bá sọ ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ẹkún ìyàwó di “OK07”, a ti jà á lólè iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá oníjálá tí mo sọ lókè yẹn, àìlórúkọ ló pa á rẹ́.

Ìyá_Lábù

Òótọ́ ni, mo gbà. Bóyá ohun tó yẹ ni pé kí á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí á sì ya ìbéèrè náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé kí á dárúkọ yín? Ṣé àwọn olùwádìí mìíràn lè gbọ́ ọ? Ṣé kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé wọ́n lè fi kọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń sọ Yorùbá? Ìyá kan lè gba mẹ́ta kó kọ ọ̀kan. Bí kò bá mọ̀wé, gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lóhùn, kí o tọ́jú ìyẹn pẹ̀lú dátà. Fún àwọn tó ti kú, lọ bá àwọn ọmọ wọn. Nọ́ńbà fóònù ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde rárá.

Ọ̀rọ̀_Kúkurú

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Google Drive kò tó ni? Ibẹ̀ ni mo kó tèmi sí.

Agbohùnsílẹ̀

Kò burú gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ẹ̀dà mẹ́ta. Àmọ́ 15 GB ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, láti ìparí 2023 sì ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì aládàáni tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún méjì rẹ́. Ẹni tó bá lọ sọ́run, ta ni yóò máa ṣí i? Tí ilé ìwé tún wà. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó kó gbogbo ìwádìí rẹ̀ sórí ímeèlì tí yunifásítì fún un. Ó gboyè jáde, wọ́n ti ímeèlì náà pa, fáìlì bá a lọ. Ẹ kó tiyín jáde kí wọ́n tó wọ gáùn fún yín.

Ará_Jámánì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni pé ẹni tó ń tọ́jú dátà gbọ́dọ̀ pẹ́ láyé ju olùwádìí lọ. Ilé ìpamọ́ ni mò ń sọ. Zenodo tí CERN, ilé ìwádìí ńlá ní Yúróòpù, ń bójú tó láti 2013 kì í gba owó. Àkójọ kan lè tó 50 GB àti fáìlì 100, torí náà ẹ pín tiyín sí méjì tàbí mẹ́ta, ìlú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fún yín ní DOI, nọ́ńbà tí ènìyàn lè tọ́ka sí nínú ìwé. Ẹ lè jẹ́ kí gbogbo ayé rí àpèjúwe rẹ̀ nígbà tí fáìlì fúnra rẹ̀ wà ní títì, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ tọrọ àyè. Ìyẹn bá ohun tí Mà sọ mu.

Ẹ má sì gbé gbogbo ìgbọ́kànlé lé ilé kan, bó ti wù kó tóbi tó. Ní oṣù Kẹwàá 2023 àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, káàtálọ́ọ̀gù wọn kò sì padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di oṣù Kìíní 2024. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2021 iná orí òkè Table Mountain ràn mọ́ ilé ìkàwé Jagger ní yunifásítì Cape Town, ọ̀pọ̀ ìwé àti fíìmù nípa Áfíríkà sì jóná. National Museum ti Brazil ní Rio jó ní oṣù Kẹsàn-án 2018, àkọsílẹ̀ èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì jó mọ́ ọn. Èyí tó bá ti jóná, ẹ̀dà tó wà níbòmíràn nìkan ló lè dá a padà.

Kẹ́ ẹ tó kó o lọ, ẹ ṣe checksum. Nọ́ńbà gígùn kan ni tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì. Bí ohun kékeré bá yí padà nínú fáìlì náà, nọ́ńbà náà á yàtọ̀ pátápátá. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt kẹ́ ẹ tẹ certutil -hashfile orukofaili.wav SHA256. Lórí Mac, shasum -a 256 orukofaili.wav ni. Ẹ kó àwọn nọ́ńbà náà sínú fáìlì txt kan. Lọ́dọọdún, ẹ tún un ṣírò lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu ti ń bàjẹ́, ẹ fi ẹ̀dà tó dára rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà.

Olùtọ́júÌwé

Ẹ dá ẹ̀dà padà fún àwọn ẹbí náà pẹ̀lú. Ẹ sọ ọ́ di MP3, kẹ́ ẹ fi sínú memory card tó lè wọ fóònù wọn. Ohùn tiwọn ni. Àwọn ló sì máa sọ fún yín pé, “Ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, Ìyá Àgbà ti ilé kejì ni.” Kò sí ilé ìpamọ́ tó lè sọ ìyẹn fún yín.

ỌmọÒkèhò

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ẹ wo README àkọ́kọ́ tí mo kọ, ẹ bá mi tún un ṣe:

Fódà: ekuniyawo_okeho_2023-08-14
Inú rẹ̀: ohùn WAV mẹ́ta, fáìlì ELAN mẹ́ta, àwòrán mẹ́rin
Ibi: Òkèhò, ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ọjọ́: 14 oṣù Kẹjọ 2023, ní ọ̀sán
Apohùn: wo apohun.csv, nọ́ńbà OK07; ó ní kí á dárúkọ òun
Bó ṣe wáyé: mo bẹ̀ ẹ́ kó sun ún, kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó
Ọ̀rọ̀: UTF-8, NFC
Ìyọ̀ǹda: ìwádìí àti ìkọ́ni, kò gbọ́dọ̀ di títà

Olùtọ́júÌwé

Ó dára gan-an. Níwọ̀n ìgbà tó ti ní kẹ́ ẹ dárúkọ òun, ẹ kọ orúkọ náà síbẹ̀ gan-an, torí apohun.csv lè yà kúrò lára fódà yìí lọ́jọ́ kan. Ẹ fi agbo ilé kún un. Ẹ kọ ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ àti ẹni tó yẹ àmì ohùn wò. Bí ibì kan bá wà tí ohùn kò yé yín, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ má fi àbá dí i.

Ará_Jámánì

Ohun kan péré ló kù. Kẹ́ ẹ tó fi thesis sílẹ̀, ẹ wọ Zenodo kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba DOI pamọ́. Wọ́n máa ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà náà ṣáájú kó tó tẹ Publish, ẹ ó sì lè tẹ̀ ẹ́ sínú orí tẹ́ ẹ ti ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe kó dátà jọ.